Kùn: Ìró tí Kò Ní Ọ̀rọ̀ Nínú

Bí ènìyàn bá kó àròkọ ogójì jọ láti ọwọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ girama, tí ó sì ń kà wọ́n lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò ní pẹ́ tí yóò fi rí i pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń lò fún gbogbo ìró tí ń bẹ láyé. Ọkọ̀ ń pariwo. Oyin ń pariwo. Ọjà ń pariwo. Àwọn òṣìṣẹ́ tí a kò tíì san owó oṣù fún ń pariwo. Àlejò tí ó bá ka irú àròkọ bẹ́ẹ̀ yóò rò pé adití ni àwọn baba ńlá Yorùbá, tí wọn kò fi mọ ìyàtọ̀ láàrin ohun tí ń dún gooro àti ohun tí ń dún lábẹ́lẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ọ̀rọ̀ rí. Ajá ń gbó, àkùkọ ń kọ, ẹṣin ń yán, kìnnìún ń bú ramúramù, àrá ń sán, omi ń hó lórí iná. Olúkúlùkù ni ó ní ọ̀rọ̀ ìṣe tirẹ̀, ẹni tí ó bá sì mú ti ọ̀kan fún òmíràn, ọmọdé yóò fi í rẹ́rìn-ín. Nínú àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí, èyí tí àwọn ọ̀dọ́ tètè ń gbàgbé jù, tí kò sì yẹ kí wọ́n gbàgbé, ni kùn.

Kùn ni a ń wí nípa ìró tí ń lọ lábẹ́lẹ̀, tí kò ga, tí kì í sì í tètè dá. Etí ń gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n etí kò lè pín in sí ọ̀rọ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ìtumọ̀ rẹ̀ fìdí kalẹ̀ sí. Ohunkóhun tí Yorùbá bá sọ pé ó ń kùn, ohun tí ń dún ni, ṣùgbọ́n kò tíì wí nǹkan kan. Ìyáàlù dùndún kì í kùn. Bí ohùn rẹ̀ tilẹ̀ rọlẹ̀ títí, ọ̀rọ̀ ni ó ń sọ, ẹni tí ó ń kì sì lè dá a lóhùn. Ohùn Orò wúwo, a sì máa wọ ènìyàn lára ní òru; bí ó bá ṣe pé ìró nìkan ni a ń wò, kùn ni à bá máa wí. Síbẹ̀ Yorùbá kì í sọ pé Orò ń kùn. Orò ń ké ni wọ́n ń wí, nítorí iṣẹ́ tí ó ń jẹ́ yé gbogbo ìlú, ẹni tí ó bá sì yẹ kí ó wọlé yóò wọlé.

Ọ̀rọ̀ kékeré ni kùn, kékeré rẹ̀ yìí ni ó sì ń kó o sí wàhálà nínú ìwé kíkọ. Ọ̀dà ni a fi ń kun ilé. Alápatà ń kun ẹran, ìyẹn ni pé ó ń gé e sí wẹ́wẹ́ fún títà. Omi ń kún inú ìkòkò. Oyin ń kùn. Lẹ́tà mẹ́ta kan náà ni gbogbo wọn, ohùn nìkan ni ó yà wọ́n. Bí a bá sì fi i sí iwájú, ọ̀rọ̀ túbọ̀ ń lọ́ mọ́ra wọn: ikun ni ó ń jáde ní imú ọmọ tí òtútù mú, ikùn ni oúnjẹ ń lọ, ikún sì ni ẹranko kékeré inú oko tí ó fẹ́ràn ẹ̀pà. Ọmọ tí ó bá kọ ọ́ sínú ìwé pé ikún ń dun òun ti sọ ọ̀rọ̀ tí dókítà kò ní rí oògùn fún.

Samuel Àjàyí Crowther mọ èyí. Nínú ìwé atúmọ̀-èdè rẹ̀ tí a tẹ̀ ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù ní 1852, ó fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀. Ó ti lé ní 170 ọdún báyìí. Síbẹ̀ lójoojúmọ́ ni pátákó ojú ọ̀nà, ìwé ìfilọ̀ àti ìwé ìròyìn ń jáde láìní àmì kan lórí. Àwọn tí ń ṣe bẹ́ẹ̀ a máa wí pé ẹni tí ń kà á yóò mọ ìtumọ̀ láti inú gbólóhùn. Nígbà mìíràn, òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n kí akẹ́kọ̀ọ́ ro ti ìjòyè kan tí a rán lọ wo bí ìlú ti rí, tí ó sì fi ìwé pélébé kan ránṣẹ́ padà sí ọba, tí ó kọ ọ́ láìfi àmì sí i: Ilu n kun. Bí ìlú bá ń kún, àlejò ń wọlé, ọjà ń tà, ilé tuntun ń dìde. Ọba lè sùn. Bí ìlú bá ń kùn, kí ọba má sùn. Àmì kan tí kò tó ẹsẹ̀ èèrà ni ó wà láàrin méjèèjì. Ọba tí ó bá sì jẹ́ ẹni tí ó fẹ́ràn ìyìn, èwo nínú méjèèjì ni yóò kà?

Láàrin àwọn ẹ̀dá tí kì í ṣe ènìyàn, oyin ni ó ni ọ̀rọ̀ náà jù lọ. Kì í ṣe ẹnu ni oyin fi ń kùn. Ìyẹ́ rẹ̀ ni, èyí tí ó ń lù ní ìgbà tí ó lé ní 200 láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Ti ẹ̀fọn yára ju bẹ́ẹ̀ lọ, òun ni ìró tirẹ̀ fi tín-ín-rín, tí ó sì ń gún etí bí abẹ́rẹ́. Yànmùyánmú ni àwọn mìíràn ń pè é, orúkọ tí ẹnu kò lè pè kí imú má kùn sí i. Abo ẹ̀fọn nìkan ni ó ń mu ẹ̀jẹ̀. Akọ kì í mu ún, ṣùgbọ́n ìró ìyẹ́ abo ni akọ fi ń mọ ibi tí yóò ti rí i. Nítorí náà, ohun tí ó jẹ́ ìyọnu lásán ní etí ẹni tí ó fẹ́ sùn, ìpè ni ní etí ẹlòmíràn. Ìtàn kan wà tí a ń pa ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, pé Ẹ̀fọn fẹ́ fi Etí ṣe aya, Etí sì kọ̀ ọ́, ó ní ẹni tí ó rù tó báyìí kò ní pẹ́ kú. Láti ọjọ́ náà ni Ẹ̀fọn ti ń wá sọ fún Etí lálaalẹ́ pé òun ṣì wà láàyè. Àwọn tí ó dá ìtàn náà sílẹ̀ mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ìró kan wà níbẹ̀ tí kò ní ọ̀rọ̀ nínú, wọ́n sì wá ọ̀rọ̀ fún un.

Àwọn tí ń kó oyin nínú igbó kì í fi ọ̀rọ̀ kùn ṣeré. Kí wọ́n tó gbé iná àti èéfín sún mọ́ ihò igi, wọ́n á kọ́kọ́ dúró, wọ́n á tẹ́tí. Oyin tí ara rẹ̀ balẹ̀ ń kùn pẹ̀lẹ́, bí ẹni tí ń kọrin fún ara rẹ̀. Bí nǹkan bá dà wọ́n láàmú, ìró náà á nípọn, á sì ga díẹ̀, ẹni tí ó bá gbọ́n yóò fà sẹ́yìn. Àwọn tí ń sin oyin nínú àpótí ní ayé òde òní sọ nǹkan mìíràn tí ó yẹ fún àkíyèsí: bí ìyá oyin bá kú, kíkùn àwọn ọmọ rẹ̀ a yí padà, a dàbí ti ẹni tí ń gbin nínú àìsàn. Olóyin tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ lè mọ̀ pé ilé náà kò ní ìyá mọ́ kí ó tó ṣí ìdérí rẹ̀. Kò sí oyin kan tí ó sọ fún un. Ìró ni ó gbọ́, ó sì béèrè ìdí.

Ajá pẹ̀lú ń kùn. Kí ó tó gbó, tàbí kí ó tó gé ènìyàn jẹ, a máa kùn hùn-ùn láti inú ọ̀fun wá, irun ọrùn rẹ̀ a sì dìde. Àwọn kan wà tí wọ́n kórìíra ìró yìí, wọ́n á fi pàṣán na ajá nítorí rẹ̀ títí ajá yóò fi dákẹ́. Wọ́n rò pé àwọn ti tọ́ ọ. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n gba ìkìlọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì fi eyín sílẹ̀ fún un. Ajá tí a ti nà títí tí kò fi lè kùn mọ́ ni ó ń gé àlejò jẹ láìkìlọ̀, àwọn ará ilé á sì máa ṣe hàà pé ajá tí ó jẹ́jẹ́ báyìí! Ológbò yàtọ̀. Òun a máa kùn nígbà tí a bá ń fi ọwọ́ pa á lára, tí inú rẹ̀ dùn; ṣùgbọ́n a máa kùn pẹ̀lú nígbà tí ó bá ń ṣàìsàn tàbí tí ó bá farapa. Nítorí náà, ẹni tí ó bá sọ pé ohun rere ni kíkùn tàbí pé ohun búburú ni, kò tíì mọ ohun tí ó ń sọ. Kò sí ọ̀nà mìíràn ju kí ènìyàn lọ wo ológbò náà lọ.

Àwọn ẹ̀rọ tí ó dé lẹ́yìn náà kò fún èdè Yorùbá ní ìṣòro níhìn-ín, nítorí èdè tí ó ti ní ọ̀rọ̀ fún oyin kò ní wá ọ̀rọ̀ tì fún mọ́tò. Ẹ̀rọ ìlọta ń kùn, ẹ̀rọ amúnáwá ẹ̀yìnkùlé ń kùn, ọkọ̀ òfuurufú ń kùn lókè àwọsánmà. Awakọ̀ tí ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ kì í tilẹ̀ gbọ́ kíkùn ọkọ̀ rẹ̀ mọ́ nígbà tí ara rẹ̀ bá dá. Ọjọ́ tí ìró náà bá yí padà ni yóò gbọ́ ọ, yóò sì yà sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Kò ní bú ọkọ̀ pé aláìgbọ́ràn ni. Kò ní nà án. Yóò ṣí iwájú rẹ̀, yóò yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ṣeni láàánú pé ohun tí ọlọ́gbọ́n ń ṣe fún irin, ọ̀pọ̀ kì í ṣe é fún ọmọ ènìyàn.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí bá sì dé ọ̀dọ̀ ènìyàn ni ó ń di ọ̀rọ̀ ńlá. Ìyá rán ọmọ rẹ̀ ọkùnrin lọ pọn omi ní àkókò tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń gbá bọ́ọ̀lù. Ọmọ náà gbé korobá, ó ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀, ètè rẹ̀ sì ń mì.

“Kí ni ò ń kùn sí?” ni ìyá béèrè.

“N kò wí nǹkan kan o, Màámi.”

Òtítọ́ ni ọmọ náà sọ. Kò wí nǹkan kan. Ohun tí kíkùn fi wúlò fún ẹni tí kò ní agbára nìyí: ó ń jẹ́ kí ó fi inú rẹ̀ hàn láìla ẹnu, bí a bá sì mú un, kò sí ẹ̀rí lọ́wọ́ ẹni tí ó mú un. Ẹrú ń kùn sí olúwa rẹ̀, ọmọ iṣẹ́ ń kùn sí ọ̀gá, ìyàwó ilé ń kùn nídìí àwo tí ó ń fọ̀. Ó ṣọ̀wọ́n kí a tó gbọ́ pé ọ̀gá ń kùn sí ọmọ iṣẹ́. Kí ni yóò fi kùn ṣe? Ọ̀gá ní ẹnu láti fi bá a wí.

Nítorí èyí ni kò fi yẹ kí a fi kùn rọ́pò ráhùn, tàbí kí a fi ráhùn rọ́pò kùn. Ẹni tí ń ráhùn ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu: ó ń ka ìyà rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, ó sì fẹ́ kí a gbọ́. Ẹni tí ń ṣàròyé tilẹ̀ ní ọ̀rọ̀ ju bí ó ti yẹ lọ. Ẹni tí ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ní ọ̀rọ̀ fún ẹnìkan, ó sì ń fi í pamọ́ fún ẹlòmíràn. Ẹni tí ń kérora, ara ni ó ń ro ó. Ẹni tí ń kùn nìkan ni ó ní ọ̀rọ̀ tí kò tíì di ọ̀rọ̀. Yorùbá ní ohun tí ó bá ń dun ni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni. Ṣùgbọ́n kí ó tó di ọ̀rọ̀, kíkùn ni. Bí ó bá sì pẹ́ jù nínú, a di ìkùnsínú. Bí ìkùnsínú bá wá gba ọdún mẹ́ta mọ́ra, kùnrùngbùn ni, ẹni tí ó bá sì fi etí sílẹ̀ sí ọ̀rọ̀ yìí yóò gbọ́ bí ìró rẹ̀ ti nípọn, bí ìjì tí ń bọ̀ láti òkèèrè.

Ó dàbí ẹni pé orí àga ìwàásù ni ọ̀rọ̀ náà ti gba orúkọ burúkú tí ó ń jẹ́ lónìí. Nígbà tí àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì sí èdè Yorùbá dé ibi tí àwọn ọmọ Ísírẹ́lì ti ń bínú sí Mósè ní aginjù, kùn ni wọ́n lò, wọ́n sì mọ ọ̀rọ̀ yàn. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ oníwàásù ti ń sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni kí ènìyàn máa kùn, àwọn baálé ilé àti àwọn ọ̀gá iṣẹ́ sì fẹ́ràn ìwàásù náà gidigidi. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ tún lọ ka ìtàn náà. Àwọn ènìyàn kùn nítorí omi tí ó korò, a sì sọ omi náà di dídùn. Wọ́n kùn nítorí ebi, oúnjẹ sì dé. Òtítọ́ ni pé ìyà jẹ wọ́n ní àwọn ìgbà mìíràn nítorí kíkùn wọn. Ìyẹn kò ní kí a gbàgbé ìgbà tí omi dé. Nínú ìwé Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì ẹ̀wẹ̀, àwọn Júù tí ń sọ èdè Gíríìkì ń kùn pé wọ́n ń gbójú fo àwọn opó àwọn nígbà tí a bá ń pín oúnjẹ ojoojúmọ́. Àwọn àpọ́sítélì kò bá wọn wí. Wọ́n ní kí ìjọ yan ọkùnrin méje tí wọ́n ní orúkọ rere, wọ́n sì fi ètò oúnjẹ lé wọn lọ́wọ́. Ọ̀ràn náà kò gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Kì í ṣe pé gbogbo ẹni tí ń kùn ni ó jàre. Àwọn kan wà tí kíkùn ti di oúnjẹ wọn. Bí òjò bá rọ̀, wọ́n á kùn. Bí kò bá rọ̀, wọ́n á kùn. Bí a bá sì fi wọ́n jẹ olórí kí wọ́n tún ọ̀ràn náà ṣe, wọ́n á wá àwáwí. Irú wọn kò wá àtúnṣe, ẹni tí yóò bá wọn kùn ni wọ́n ń wá. Ṣùgbọ́n wọn kò pọ̀ tó bí àwọn aláṣẹ ti ń sọ. Èyí tí ó pọ̀ jù ni ẹni tí ó ní ẹjọ́ gidi, tí ó sì fi í sílẹ̀ ní kíkùn nítorí ìbẹ̀rù tàbí nítorí àìmọ ọ̀nà. Nínú ilé-ẹ̀kọ́ tí àwọn ọmọ ń gbé, ẹ̀wà tí kòkòrò wọ̀ ni a fi ń mọ̀ wọ́n. Yàrá ìjẹun a máa kùn bí ilé oyin. Bí olùkọ́ bá yọ ní ẹnu ọ̀nà, ìró náà á dá wáí. Bí ó bá kọjá, á tún bẹ̀rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lè kọjá báyìí, ẹ̀wà kò yí padà, kòkòrò kò sì dín. Olùkọ́ tí ó gbọ́, tí kò béèrè, jẹ̀bi. Àwọn ọmọ tí wọn kò rán ẹnìkan lọ láti sọ ọ́ jẹ̀bi pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ẹ̀bi tiwọn fúyẹ́, nítorí kì í ṣe ẹni tí ń jẹ ẹ̀wà ni ó ni kọ́kọ́rọ́ ilé oúnjẹ.

Ọ̀nà wà nínú àṣà Yorùbá fún irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí ẹnu rẹ̀ kò gba ohun tí ó fẹ́ sọ fún baba rẹ̀ lè tọ ẹ̀gbọ́n baba lọ, tàbí ìyá baba, kí wọ́n bá òun gbé e kalẹ̀ ní òwúrọ̀ nígbà tí inú kò tíì gbóná. Ẹni tí ó bá gba ọ̀nà yìí ti sọ kíkùn rẹ̀ di ọ̀rọ̀, kò sì rí ẹnikẹ́ni fín. Bí baba bá wá kọ etí ikún sí i lẹ́yìn èyí, ojú baba ni a ó máa wò. Àwọn àgbà ní ikún kì í gbọ́, òun ni a fi ń fi etí rẹ̀ pe ti ẹni tí kò fẹ́ gbọ́. Ó sì jọni lójú pé i kan àti àmì ohùn kan péré ni ó ya ẹranko náà kúrò lára ìró tí ó kọ̀ láti gbọ́.

Ohun kan ṣì kù nípa ọ̀rọ̀ yìí, òun ni ó sì jinlẹ̀ jù. Ẹni tí ó bá gun àpáta Olúmọ ní Abẹ́òkúta ní ọjọ́ ọjà, tí ó sì dúró lókè, yóò gbọ́ ìlú ní ìsàlẹ̀. Kò ní gbọ́ ọ̀rọ̀ kan. Yóò gbọ́ kíkùn kan ṣoṣo, tí ó nípọn, tí kò sì dá, bí ẹni pé gbogbo òrùlé wọ̀nyẹn jẹ́ ilé oyin kan. Ǹjẹ́ àwọn tí ó wà nísàlẹ̀ ń kùn bí? Rárá o. Ọ̀kan ń dá iye owó, ọ̀kan ń pe ọmọ rẹ̀, ọ̀kan ń sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí ní ilé ọkọ. Ọ̀rọ̀ ni gbogbo wọn ń sọ, ọ̀rọ̀ tí ó já gaara. Jíjìnnà ẹni tí ń gbọ́ ni ó sọ ọ́ di kíkùn. Nígbà púpọ̀, nígbà tí olórí kan bá ń ráhùn pé àwọn ènìyàn òun kò sọ̀rọ̀, pé kíkùn nìkan ni wọ́n ń kùn, ibi tí òun tìkára rẹ̀ dúró sí ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ wò.

Ní ìlú Abẹ́òkúta yìí kan náà ni a ti rí i. Láti 1918 ni ìjọba ti ń gba owó orí níbẹ̀, wọ́n sì ń gbà á lọ́wọ́ obìnrin lọ́tọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí obìnrin kan nínú ìgbìmọ̀ tí ń pàṣẹ. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ọ̀ràn ìrẹsì tún wọ̀ ọ́: a ń gba ìrẹsì lọ́wọ́ àwọn obìnrin ọlọ́jà, owó tí a sì ń san fún wọn kò tẹ́ wọn lọ́rùn rárá. Ọdún ń gorí ọdún, àwọn obìnrin ń kùn. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí ó wà lókè ì bá sọ ọ́. Ṣùgbọ́n nídìí ìsọ̀ wọn, orúkọ àwọn agbowó-orí wà lẹ́nu wọn, iye tí a gbà wà lẹ́nu wọn, ọjọ́ tí a gbà á wà lẹ́nu wọn.

Ní ìdajì ìkẹyìn àwọn ọdún 1940 ni Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti àti àwọn tí wọ́n jọ dá Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin Abẹ́òkúta sílẹ̀ kó ọ̀rọ̀ wọ̀nyí jọ. Obìnrin tí ó kàwé àti obìnrin tí kò kàwé jókòó pọ̀. Wọ́n kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ sí Aláké, wọ́n kọ sí àwọn aláṣẹ ìjọba. Ìwé kò tó, nítorí náà ní ìparí ọdún 1947 wọ́n fi ẹsẹ̀ wọn rìn dé iwájú ààfin ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún, wọ́n sun ibẹ̀, wọ́n sì kọrin. Ní January 1949, Ọba Ládàpọ̀ Adémọ́lá Kejì, tí ó ti wà lórí oyè láti 1920, fi ìtẹ́ sílẹ̀. Ó di December 1950 kí ó tó padà. A dá owó orí àwọn obìnrin dúró, a sì fi obìnrin sínú ìgbìmọ̀ ìlú. Àwọn kan ń wí títí di òní pé ìjà náà le jù, pé ọba kọ́ ni ó dá owó orí sílẹ̀, pé aṣẹ́ òyìnbó ni ó ń jẹ́. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún ni ó wà láàrin 1918 àti ọjọ́ tí àwọn obìnrin dé ẹnu ọ̀nà ààfin. Ẹni tí ó bá ní ọgbọ̀n ọdún láti fi rìn láti ààfin dé ọjà, kí ó béèrè ohun tí ń ṣẹlẹ̀, tí kò sì rìn ín, kò lè wí pé ariwo já lu òun lójijì.

Àpáta náà ṣì wà níbẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ a sì máa lọ gùn ún ní ìgbà ìsinmi. Ẹni tí ó bá lọ, kí ó dúró lókè ní ìṣẹ́jú díẹ̀, kí ó gbọ́ kíkùn ìlú. Lẹ́yìn náà kí ó sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Níbi tí àpáta ti tẹ́, ìró náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í pín. Ní ọ̀nà Ìtọ́kú, níbi tí wọ́n ti ń ta àdìrẹ, yóò máa gbọ́ ohùn obìnrin yàtọ̀ sí ti ọkùnrin, ti àgbà yàtọ̀ sí ti ọmọdé. Nígbà tí ó bá sì dé iwájú ìsọ̀, obìnrin kan yóò na aṣọ sí i, yóò sọ iye tí ó fẹ́ gbà fún un, yóò sì dúró kí ó gbọ́ iye tí òun náà yóò san.